Súpà gúlù ni àbí kí ni? Gọ́ọ̀mù tó yẹ fún bàálù oníke

Àbúrò kan ní Ìsánlú ló kọ̀wé sí mi, mo gé ìbéèrè ẹ̀ kúrú díẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, òkun o. Bọ̀ọ̀dá mi tó wà ní London fi bàálù oníke kan ránṣẹ́ sí mi, èyí tí èèyàn máa ń fọwọ́ ara ẹ̀ tò pọ̀, Spitfire ni, bàálù ogun àtijọ́, ti 1/72 (ìdá kan nínú méjìléláàádọ́rin ti gidi). Kò sí gọ́ọ̀mù nínú páálí ẹ̀, wọ́n ní wọn ò jẹ́ kí àwọn gbé e wọ bàálù. Mo lọ gba gọ́ọ̀mù lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe bàtà, mo fi lẹ apá kan, ó ń fà bí ọbẹ̀ ilá, ó sì ti ba ojú ike jẹ́. Ẹnìkan ní kí n lo súpà gúlù, ẹlòmíì ní fóò-mínìtì, ẹlòmíì ní gọ́ọ̀mù àwọn pọ́mbà. Èwo ni kí n lò, ṣé apá tó bàjẹ́ yẹn sì ṣì ṣeé tún ṣe?"

Òkun o, àbúrò mi. Má bínú pé èsì pẹ́, iná ò dúró rárá ní Kàbà lọ́sẹ̀ yẹn, ojú kan náà ni fóònù mi ń kú sí. Ohun tó o béèrè yìí, gbogbo ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ládùúgbò wa ló gba ibẹ̀ kọjá: gọ́ọ̀mù oníbàtà lákọ̀ọ́kọ́, súpà gúlù lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n á wá jókòó máa wo páálí. Èmi náà jókòó wo páálí rí.

Má bá bọ̀ọ̀dá ẹ jà o, òótọ́ ni wọ́n sọ. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n dìídì ṣe fún irú ike yìí, ó ń gbiná wàràwàrà, wọn kì í gbà á sínú ẹrù èrò, ì báà jẹ́ èyí tó wà lọ́wọ́ tàbí èyí tí wọ́n kó sí ìsàlẹ̀ bàálù.

Kí n tó dárúkọ gọ́ọ̀mù kankan, gbọ́ eléyìí ná, torí òun ni gbogbo èyí tó kù dá lé. Gọ́ọ̀mù bàálù oníke kì í ṣe gọ́ọ̀mù bí a ṣe mọ gọ́ọ̀mù, iṣẹ́ wẹ́dà ló ń ṣe. Gọ́ọ̀mù tòótọ́ máa ń wọ àárín nǹkan méjì, á di èkíní mú, á di èkejì mú, ọjọ́ tó bá jáwọ́ wọ́n á pínyà. Èyí tí mò ń sọ ò dì nǹkan kan mú. Ṣe ló ń yọ́ ojú ike méjèèjì títí wọ́n á fi rọ̀ bí ẹ̀kọ tí ò tíì dì, ìwọ á wá tẹ̀ wọ́n pọ̀, eléyìí á wọnú ìyẹn, oògùn tó yọ́ wọn á fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́, ike á tún le padà, kò wá sí ojú méjì mọ́ nìyẹn, wọ́n ti di ẹyọ kan. Bó bá ti gbẹ dénú, tó o bá ní o fẹ́ ya á, ẹ̀gbẹ́ ibòmíì ló máa kán.

Ike tí Airfix, Revell, Tamiya, Italeri àti àwọn ilé iṣẹ́ ẹgbẹ́ wọn fi ń ṣe bàálù, polystyrene ni wọ́n ń pè é. Ọmọ bàbá kan náà lòun àti fóòmù funfun tí wọ́n ń bu ráìsì tẹkẹ́wéè sí, afẹ́fẹ́ ló kàn pọ̀ nínú ti tẹkẹ́wéè. O ti rí bí pẹtiróòlù ṣe ń ṣe fóòmù yẹn rí? Ìkán kan péré, á jẹ ẹ́ wọlé bí ikán ṣe ń jẹ páálí, á wá ku nǹkan kan tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ohun tó ń yọ́ fóòmù yẹn ni ìdí tí bàálù ẹ fi ṣeé jó pọ̀, ìyàtọ̀ ẹ̀ ò ju pé ní ibí a fẹ́ kó yọ́ ìwọ̀nba, ká sì mọ ibi tó ti ń yọ́. (Má wá torí ohun tí mo sọ yìí lọ da pẹtiróòlù sí Spitfire o. Mo mọ̀ yín.)

Kì í ṣe gbogbo ike ló ń gbà bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀lù ìfọṣọ, kẹ́ẹ̀gì epo, ìdérí ìgò, àwọn yẹn jẹ́ polyethylene àti polypropylene, ara wọn ń yọ̀ bí ẹni fi àbẹ́là pa á, gọ́ọ̀mù tí màá dárúkọ yìí ò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Yí ìdí ike lójú, wàá rí onígun mẹ́ta kékeré tí nọ́ńbà wà nínú ẹ̀: 6 ni polystyrene, 5 ni polypropylene, 2 àti 4 ni polyethylene. Àwọn róbọ́ọ̀tì Bandai tí àwọn ọmọ ìsìnyí fẹ́ràn, wọ́n máa ń kọ irú ike tó jẹ́ sára férémù (igi ike tí àwọn páàtì so mọ́ nínú páálí), PS (polystyrene), ABS (irú ike mìíì), PE (polyethylene), ka ibẹ̀ dáadáa, PE ni àwọn oríkèé dúdú rírọ̀ yẹn, gọ́ọ̀mù kankan ò ràn án, ABS sì ń fẹ́ oògùn tó lágbára ju ti PS lọ.

Bó o ṣe máa fi ojú ara ẹ rí i rèé, owó báírò kan ló máa ná ẹ. Mú báírò Bic, èyí tó mọ́ gaara tó ní igun mẹ́fà, tó jẹ́ pé ò ń rí yíǹkì nínú ẹ̀. Ara ẹ̀ polystyrene ni, ìdérí ẹ̀ polypropylene. Èyí tí yíǹkì ẹ̀ ti tán ni kó o wá, kò ṣòro, yàrá ìkàwé ilé ìwé èyíkéyìí kún fún un. Fi ayùn kékeré tàbí bíléèdì gé ara ẹ̀ sí méjì, pa ojú ẹ̀ pọ̀, kán ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ sí i, kó o kà dé ọgbọ̀n. Tó bá jẹ́ ohun gidi, ibẹ̀ á máa dán, á rọ̀, bó o bá fi abẹ́rẹ́ kàn án á gba ojú abẹ́rẹ́. Gbé e sílẹ̀ di ọ̀la kó o wá gbìyànjú láti ṣẹ́ ẹ. Wá kán ohun kan náà sí ìdérí, á ṣàn kúrò bí omi orí ewé kókò. Èmi ò fi ohunkóhun kan bàálù mi láì kọ́kọ́ fi kan báírò, ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí, ó sì ti yọ mí nínú ìtìjú tó pọ̀.

Ó yá, èwo gan-an.

Tí owó bá wà, tí ẹnìkan sì ń bọ̀ láti Èkó tàbí Àbújá lójú títì, èyí tí mo máa ní kó bá ẹ rà ni Tamiya Extra Thin, ìgò olójú mẹ́rin tí ìdérí ẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, 40 ml, búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kan so mọ́ inú ìdérí náà. Omi ni lójú, kò ki rárá, acetone àti butyl acetate ló wà nínú ẹ̀. Ìyẹn ló ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, wọ́n á ní omi lásán yìí kọ́ ló máa lẹ nǹkan. Wò ó, bí wọ́n ṣe ń lò ó yàtọ̀ pátápátá sí gọ́ọ̀mù. O ò ní fi pa ojú ike kó o tó pa á pọ̀. Ńṣe lo máa kọ́kọ́ pa páàtì méjèèjì pọ̀ ní gbígbẹ, wò ó bóyá ó bára mu, dì í mú, kó o wá fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì kan ojú ìdè ní ibì kan ṣoṣo. Kò ní jẹ́ kó o tì í. Òun fúnra ẹ̀ á sáré wọlé, á gba àárín páàtì méjì yẹn lọ bí kẹrosíìnì ṣe ń gun òwú àtùpà, bó o bá tẹjú mọ́ ọn wàá rí i tí ìlà náà ń ṣókùnkùn lọ láti ìka kan sí èkejì. Ka bíi márùn-ún, kó o wá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ike yíyọ́ máa yọ orí jáde lójú ìdè bí ìlà kékeré tó ń dán. Má fọwọ́ kàn án. Má nù ún. Ìlà yẹn ni ẹ̀rí pé ó jó, bó bá ti gbẹ ìwọ á fi bíléèdì há a kúrò, ojú ìdè á pòórá.

Mo ní má fọwọ́ kàn án, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ. Bàálù àkọ́kọ́ tí mo fi gọ́ọ̀mù gidi ṣe, Mustang ni, mo di ara ẹ̀ mú pẹ̀lú àtàǹpàkò, mo kán oògùn sí ojú ìdè níwájú, mi ò rò pé àtàǹpàkò mi wà lórí ojú ìdè kan náà lẹ́yìn. Oògùn yẹn sáré gba ojú ìdè, ó dé abẹ́ ìka mi, àlàfo tó wà láàárín ìka àti ike náà ojú ọ̀nà ni lójú tiẹ̀, ó bá wọ ibẹ̀. Nígbà tí mo gbé ọwọ́ kúrò, gbogbo ìlà àtàǹpàkò mi ti wà lára bàálù, ketekete, bí ẹni tẹ̀ka níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì ìdánimọ̀. Ó ṣì wà lórí sẹ́ẹ̀fù mi. Nítorí náà ibi tí ìka ẹ bá wà, jẹ́ kó jìnnà sí ojú ìdè, tàbí kó o fi rọ́bà àti péègì aṣọ dì í, tàbí sẹ́lótéèpù, àmọ́ sẹ́lótéèpù pàápàá má jẹ́ kó gba orí ibi tó o fẹ́ kán oògùn sí, abẹ́ ẹ̀ náà á fa oògùn wọlé.

Nígbà ooru, láti bíi February sí March tí òjò ò tíì dé, á máa gbẹ kó tó rìn jìnnà, torí ẹ̀ má gbìyànjú láti ṣe gbogbo ara bàálù lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣe sẹ̀ǹtímítà méjì, tẹ̀ ẹ́, kó o sún síwájú.

Èyí tó ki náà wà. Revell ń ṣe Contacta Professional, ìgò tó ní abẹ́rẹ́ gígùn lẹ́nu, ó dáa fún ibi tó fẹ̀, bí apá òkè àti apá ìsàlẹ̀, níbi tó o ti nílò àyè láti yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún kó tó mú. Èyí tó ki jù ni ti inú túùbù, mi ò fẹ́ràn ẹ̀, òkùn ló máa ń fà káàkiri bí aláǹtakùn. Ìkìlọ̀ kan péré lórí àwọn tó ki: ìwọ̀nba ni. Èyí tó bá pọ̀ jù tó wà ní títì pa nínú apá, kò rọ́nà jáde, á máa yọ́ ike látinú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà wàá kàn rí i pé apá ti jìn wọlé. Ìṣirò kan wà tí mo máa ń ṣe fáwọn ọmọ: Spitfire gidi, láti orí apá kan dé èkejì mítà 11.23 ni, tìẹ tó jẹ́ 1/72 kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 15.6 lọ. Ìyẹn ni pé ìkán gọ́ọ̀mù tó fẹ̀ tó mìlímítà kan lára tìẹ, ó fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà méje lọ lára bàálù gidi. Ta ló rí bàálù gidi tí gọ́ọ̀mù wú lára ẹ̀ báyẹn?

Kó o tó kán ohunkóhun, fi omi ọṣẹ fọ férémù náà, òróró tó bọ́ ọ kúrò nínú ẹ̀rọ ìṣe máa ń kù lára ẹ̀, sì jẹ́ kó gbẹ. Tó o bá sì ti kun páàtì kan lọ́dà, há ọ̀dà kúrò níbi tó o fẹ́ jó pọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀dà lo máa yọ́.

Àmọ́ mo mọ ohun tó o máa sọ, pé Ìsánlú lo wà, Tamiya ò sí lọ́jà Ìsánlú. Kò sí ní Kàbà náà. Ohun tó wà ni acetone, àwọn tó ń ta nǹkan èékánná ní i. Èyí tí wọ́n kọ acetone sí lára gedegbe ni kó o rà, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti fi lọ́fínńdà àti òróró sí. Ó ń yọ́ polystyrene, àléébù ẹ̀ ni pé ojú kíákíá ló ń gbẹ, ó ti lọ kó o tó tẹ páàtì pọ̀. Bí wọ́n ṣe ń tán an: gé férémù tó ò nílò mọ́ sí wẹ́wẹ́, bí ẹni gé ilá, kó o kó o sínú ìgò onígíláàsì tó ní ìdérí tó le, da acetone lé e, jẹ́ kó sùn. Tó bá di àárọ̀ férémù á ti rọ̀ tàbí yọ́ sínú ẹ̀. Bí férémù tó o fi sí i bá kéré á jẹ́ gọ́ọ̀mù, bó bá pọ̀ á ki bí oyin, ìyẹn sì wúlò fún nǹkan mìíì tí màá padà sí. Ìgò gíláàsì mo wí o, má lọ fi ìgò ike, nítorí mo ti rí ẹni tó bu ú sínú kọ́ọ̀pù ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń mu omi níbi àríyá, kọ́ọ̀pù yẹn jókòó sórí tábìlì bí ọlọ́tí.

Tínà àwọn tó ń kun mọ́tò náà ń ṣiṣẹ́, lọ sọ́dọ̀ àwọn panẹ́lì bítà, ohun tó o fẹ́ ò ju ìdérí ìgò kan lọ. Ó pẹ́ gbẹ díẹ̀ ju acetone, ìyẹn dáa. Ohun tí ò dáa ni pé ti dúrọ́ọ̀mù òní yàtọ̀ sí ti dúrọ́ọ̀mù ọ̀la, ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn, nítorí náà báírò, báírò, báírò. Lójú tèmi, tó bá jẹ́ Spitfire ẹ̀bùn bọ̀ọ̀dá ẹ ni, tí ò sí òmíì, ní sùúrù kó o ra ojúlówó. Acetone àti tínà, fi wọ́n kọ́ ọwọ́ lára férémù.

Súpà gúlù wá ńkọ́? Wọ́n ń tà á ní gbogbo ìsọ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń sọ ọ́. Kò yọ́ ike, gọ́ọ̀mù tòótọ́ ni, àárín ló ń dúró sí. Harry Coover àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Kodak l'Amẹ́ríkà ló kàn án ní 1942 níbi tí wọ́n ti ń wá ike gaara fún ojú ìfojúsùn ìbọn, wọ́n pa á tì torí pé gbogbo ohun tó bá ṣáà kàn ló ń lẹ̀ mọ́, àfi ìgbà tó di 1958 kí wọ́n tó gbé e jáde fún títà. Omi inú afẹ́fẹ́ ló ń mú un le. Ẹ̀rí ẹ̀ ò jìnnà sí wa: nígbà òjò, kó o tó mí á ti mú, ìgò tó o ṣí ní June kì í rí August, nígbà ọyẹ́ tí ètè ń bẹ́, wàá dì í mú títí ọwọ́ á fi ro ẹ́. Tí ọyẹ́ bá ń yọ ẹ́ lẹ́nu, mí èémí ẹnu ẹ sí ojú páàtì kan lẹ́ẹ̀kan kó o tó pa á pọ̀. Èyí tó kù, dé e pa, jù ú sínú ìgò kan pẹ̀lú àwọn àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà yẹn, kó o gbé e sínú fíríìjì tí iná bá wà, bó o bá sì fẹ́ lò ó, jẹ́ kí òtútù kọ́kọ́ kúrò lára ẹ̀ kó o tó ṣí i.

Ó ní ibi tó dáa sí: irin tín-ín-rín tó ń bá àwọn ohun èlò olówó ńlá wá, páàtì resin, ohun tí kì í ṣe polystyrene, ibẹ̀ kò sẹ́ni tó lè bá a dù ú. Lára polystyrene, ó ń mú, àmọ́ gígan ló gan, bàálù á bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, apá á bọ́ lódindi, ojú ìdè á mọ́ fínnífínní bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀ rí. Má sì jẹ́ kó sún mọ́ gíláàsì ibi tí awakọ̀ jókòó sí. Èéfín ẹ̀ máa ń lọ lẹ̀ mọ́ ike gaara, pàápàá ibi tí ọwọ́ ti kàn, á funfun bí ojú olójú funfun, àwọn ọlọ́pàá tó ń wá ìlà ìka pàápàá ń mọ̀ọ́mọ̀ lo èéfín yẹn láti fi mú olè. Ìwọ kì í ṣe ọlọ́pàá, má fi wá ìlà ìka lára Spitfire.

Gíláàsì yẹn, gọ́ọ̀mù funfun àwọn kápẹ́ńtà ló yẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni o, Top Bond. Fi igi ìtayín mú ìwọ̀nba, fà á yí etí gíláàsì náà ká, gbé e jókòó, ohun tó bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fi àkísà tútù nù ún. Kì í jẹ ike, kì í rú èéfín, bó bá sì ti gbẹ á mọ́lẹ̀ débi pé o ò ní rí i mọ́. Kọ́kọ́ fi ti ìgò tó o rà kan báírò gaara yẹn, wò ó bóyá òun náà á mọ́ tàbí á kù ní àwọ̀ wàrà. Agbára ẹ̀ ò pọ̀, àmọ́ ẹrù wo ni gíláàsì ń gbé?

Fóò-mínìtì, túùbù méjì tí wọ́n ń pò pọ̀, ọgbọọgba ni kó o bù ú, kó o pò ó dáadáa lórí páálí. Kì í yọ́ ike, ó lágbára, ó sì ń dí àlàfo. Mo máa ń fi lẹ òjé mọ́ inú imú àwọn bàálù tó ní táyà níwájú, torí láìsí ẹrù nínú imú ìdí ni wọ́n máa ń fi jókòó. Spitfire ní tiẹ̀, táyà kékeré ẹ̀ ẹ̀yìn ló wà, ìdí ló fi ń jókòó látilẹ̀wá, nítorí náà o ò nílò ẹ̀, fi owó ẹ sápò.

Gọ́ọ̀mù àwọn pọ́mbà, páìpù PVC ni wọ́n ṣe é fún. Ó le jù, ó ń jẹ polystyrene jù bó ṣe yẹ lọ, ó tún ń fi PVC tiẹ̀ sílẹ̀ lójú ìdè. Fi í sílẹ̀ fún àwọn pọ́mbà. Ti oníbàtà, rọ́bà ni wọ́n yọ́ sínú oògùn. Oògùn yẹn ló ba ojú apá ẹ jẹ́, rọ́bà tó kù lẹ́yìn ẹ̀ ló ń fà bí ilá, o jìyà méjèèjì, o ò rí èrè kankan.

Ọ̀rọ̀ iná. Mo ní kí n fi èyí ṣe ṣókí, àmọ́ kò ṣeé fi ṣe ṣókí. Acetone, tínà, Tamiya, gbogbo wọn ń gbiná, èéfín wọn pàápàá ń gbiná, kì í ṣe omi inú ìgò nìkan. A mọ bí ilé wa ṣe rí, ìwọ á jókòó ti iṣẹ́, NEPA á mú iná lọ, ọwọ́ á kàn wá àbẹ́là tàbí àtùpà láì ronú. Má ṣe é. Dé ìgò, lọ jókòó síta, tàbí kó o lo tọ́ọ̀ṣì. Ṣí fèrèsé, orí á máa fọ́ ẹ tó bá jẹ́ yàrá títì pa. Má fi síbi tí ọwọ́ ọmọdé á tó o, má sì fi pamọ́ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò láéláé. Ti súpà gúlù, ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé bó bá ta sí òwú tàbí aṣọ òwú tó pọ̀ ó máa ń gbóná lójijì, ó lè jó èèyàn lára, nítorí náà bó bá dà sí ẹ lẹ́sẹ̀ má fi ẹ̀wù ẹ nù ún. Tí ìka méjì bá lẹ̀ pọ̀, má fagbára ya á, rì í sínú omi ọṣẹ lílọ́wọ́ọ́wọ́ kó o máa yí i díẹ̀díẹ̀. Tó bá jẹ́ ojú, omi púpọ̀, kó o gba ọsibítù lọ lójú ẹsẹ̀.

Apá tó bàjẹ́ wá kù. Ó ṣeé tún ṣe, má sọ ọ́ nù. Má fi acetone nù ún, má fi tínà nù ún, ìyẹn á kan sọ ọgbẹ́ di egbò. Fi sílẹ̀ ọjọ́ méjì kí rọ́bà yẹn gbẹ dénú, kó o wá fi àtàǹpàkò máa yí i bí ẹni ń ha èérí ọrùn, á máa ká jọ di rogodo kéékèèké, èyí tó bá kù fi ìrésà ilé ìwé pa á. Tí apá òkè àti ìsàlẹ̀ bá ṣì lẹ̀ pọ̀ lọ́nà wíwọ́, ti bíléèdì bọ ojú ìdè láti ẹ̀yìn, díẹ̀díẹ̀, rọ́bà á gbà, kò le bí ike. Fi sáńpépà 400 lu ojú méjèèjì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kó tẹ́jú, kó o wá jó wọn pọ̀ bó ṣe yẹ.

Àwọn ibi tó jìn, ibẹ̀ ni mo ti ní màá padà sí férémù yíyọ́ yẹn, èyí tó ki bí oyin. Ike kan náà ni pẹ̀lú bàálù ẹ, àwọ̀ kan náà, líle kan náà, kò sí ohun tí wọ́n ń tà tó bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fi igi ìtayín fà á sínú ibi tó jìn, ní tẹ́ẹ́rẹ́, jẹ́ kó sùn mọ́jú, tún fa òmíì lé e, torí ó máa ń sún kì bó bá ń gbẹ. Má bu ú lẹ́ẹ̀kan náà, á tún yọ́ ìsàlẹ̀. Bó bá ti wú díẹ̀ ju ojú ike lọ, gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Lẹ́yìn ìyẹn sáńpépà 400, 600 tẹ̀ lé e, 1000 pẹ̀lú omi kẹ́yìn, ìlà tó bá parẹ́ fi ẹnu abẹ́rẹ́ àti rúlà fà á padà. Bó o bá ṣe é ní ọjọ́ kejì torí pé o rò pé ó ti gbẹ, inú ẹ̀ ṣì ń sún kì, ojú ìdè á tún jìn lẹ́yìn tó o bá ti kun ún tán, ìyẹn sì ti ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́ẹ̀mejì, lára bàálù kan náà.